Ìgékúrú ìwé ẹ̀rí Faransé (BEPC, BAC, BTS, CAP): báwo la ṣe ń túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì?

Akọ̀wé_Kàbbà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé wá láti Kútọnu ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Mẹ́rin ló wà lórí tábìlì báyìí: attestation (ìwé ìjẹ́rìí) BEPC ọdún 2013, relevé de notes (ìwé máàkì) ti BAC série D ọdún 2017, relevé BTS ọlọ́dún méjì, àti ìwé ẹlòmíràn tí wọ́n kọ CAP gàdàgbà sí lórí. Àwọn tó ni wọ́n fẹ́ kí a tẹ̀ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè fi wá ilé ìwé àti iṣẹ́ níhìn-ín.

Faransé inú gbólóhùn kò le jù. Ìgékúrú ló gba ọwọ́ mi. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù sọ BAC di ọkọ̀ ojú omi, ó sọ UE di European Union. Ṣé kí n fi lẹ́tà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí n wá ìgékúrú Gẹ̀ẹ́sì tó bá a dọ́gba? Ṣé BEPC ni Junior WAEC? Ṣé BAC ni WAEC, àbí dìgírì? Kí sì ni kí n ṣe sí PCT, SVT, LV2, coef., Moy., TD àti TP tó kún inú tábìlì máàkì? Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá ìwé ẹnikẹ́ni padà nítorí ohun tí mo tẹ̀.

Músíọ̀_Mọ̀pà

Ọ̀kún, Akọ̀wé. Ẹ̀rọ yẹn kò kúkú purọ́. Nínú Faransé ojoojúmọ́, "bac" ni ọkọ̀ tó ń gbé èrò àti mọ́tò sọdá odò, òun náà ni ọpọ́n. UE sì ni Union européenne nínú ìròyìn. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló wà níwájú òun ni. Bí ẹ kò bá ṣọ́ ọ, BTS á di àwọn ọmọkùnrin olórin Korea.

Ìgékúrú Faransé kì í di ìgékúrú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́kọ́ tú lẹ́tà náà palẹ̀ ní Faransé, kí ẹ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún. Níbi àkọ́kọ́ tó bá ti jẹyọ, ẹ kọ orúkọ Faransé náà bó ṣe wà, kí ẹ fi ohun tó jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, lẹ́tà lásán ti tó. Ẹni tó máa gba ìwé náà gbọ́dọ̀ lè fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé Kútọnu kó sì bá a lórí tiyín. Bí ẹ bá kọ "Junior WAEC", kò ní rí ohun tó jọ ọ́ lórí ojúlówó, ibẹ̀ ni ìfura ti ń wọlé.

BEPC ni Brevet d'études du premier cycle. "Lower secondary school certificate" ló bá a mu. Kì í ṣe BECE tiwa, tí ẹ pè ní Junior WAEC, ẹ wo bí ọdún ṣe lọ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́fà: CI, CP, CE1, CE2, CM1, CM2, ìdánwò CEP, certificat d'études primaires, ló parí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló tẹ̀ lé e kí wọ́n tó ṣe BEPC, ó di mẹ́wàá. Ọdún mẹ́sàn-án ni BECE tiwa. Wọ́n á tún lo ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó dé BAC, ó di 13, bẹ́ẹ̀ WASSCE (WAEC) tiwa jẹ́ ọdún 12. Kò sí èyí tó wọ inú èkejì ṣáká.

Ẹ ṣọ́ orúkọ kíláàsì náà. Àwọn Faransé ń ka kíláàsì girama lọ sẹ́yìn. 6e, tí wọ́n ń pè ní sixième, ni àkọ́wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 5e, 4e, 3e. Lẹ́yìn ìyẹn seconde, première, terminale. Ọmọ tó wà ní 3e ti kọjá ẹni tó wà ní 6e. Ẹni tó bá kọ "Primary 6" fún "classe de 6e" ti dá ọmọ ọlọ́mọ padà sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Sixième, first year of lower secondary school". Troisième á jẹ́ "fourth and final year of lower secondary school". Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣì í kà.

Ó kan BAC. Baccalauréat ni, ìdánwò ìparí girama, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì. KÌ Í ṢE Bachelor's degree. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ti jáde, ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn. Wọ́n tún máa ń kọ "bachelier" fún ẹni tó bá yege nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ "bachelor" síbẹ̀ ti fi dìgírì ta ọmọ girama lọ́rẹ. Ẹ wo bó ṣe máa rí lójú ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò: ọmọ ọdún 19, "Bachelor" ní 2017, ó tún wá ń wá àyè wọ yunifásítì. Ayédèrú ni yóò pè é. Kì í sì í ṣe International Baccalaureate, ètò mìíràn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Geneva nìyẹn. Ẹ fi "Baccalauréat" sílẹ̀ ní Faransé, kí ẹ sọ pé "upper secondary school-leaving examination". Series D ni kí ẹ pe série D. Ẹ má fúnra yín kọ "Science class" síbẹ̀. Àwọn kókó ẹ̀kọ́ tó wà nísàlẹ̀ máa sọ ohun tó jẹ́.

BTS ni Brevet de technicien supérieur, ọdún méjì lẹ́yìn BAC. "Higher technician's certificate" ló dára. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti kọ OND, nítorí ọdún méjì ni OND náà. Ẹ dá ọwọ́ yẹn dúró. Ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé tó máa gbà á ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tó bá a dọ́gba. Ti ògbufọ̀ ni láti sọ ohun tí ìwé wí.

Ìyá_Ìsánlú

Ẹ kú àlàyé, Músíọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba tábìlì máàkì, ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́mà. 12,18 tí Faransé kọ, 12.18 ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan péré, 12,18 lè di 1,218 lójú ẹni tó ń kà á kíákíá. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà tàbí kí ẹ má yí ìkankan. Ẹ má dà á pọ̀.

Coef. ni coefficient, ìwọ̀n tí wọ́n gbé lé kókó ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ìwọ̀n náà sọ máàkì di púpọ̀, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi àpapọ̀ ìwọ̀n pín in. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpẹẹrẹ kan. Maths 13, ìwọ̀n 4, ó di 52. PCT 11,5, ìwọ̀n 4, ó di 46. SVT 14, ìwọ̀n 5, ó di 70. Français 10, ìwọ̀n 2, ó di 20. Anglais 12, ìwọ̀n 2, ó di 24. Hist-Géo 11, ìwọ̀n 2, ó di 22. Philo 9, ìwọ̀n 2, ó di 18. EPS 16, ìwọ̀n 1, ó di 16. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 268, àpapọ̀ ìwọ̀n jẹ́ 22. 268 tí a fi 22 pín jẹ́ 12.18. Moy. nìyẹn, moyenne, "average". Ẹ máa ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí kò bá dọ́gba pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, ìka yín ló ṣì tẹ nọ́ńbà kan. Bó bá sì jẹ́ pé lórí ojúlówó gan-an ni kò ti dọ́gba, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ fi àlàyé ògbufọ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ má bá wọn tún un ṣe.

PCT ni Physique, Chimie et Technologie, "Physics, Chemistry and Technology". SVT ni Sciences de la vie et de la Terre, "Life and Earth Sciences". Ẹ má kọ "Biology" nìkan, ilẹ̀ àti òkúta wà nínú rẹ̀. EPS ni "Physical Education and Sport". LV1 àti LV2 ni langue vivante, èdè àjèjì àkọ́kọ́ àti ìkejì: "First modern language", "Second modern language". Bí wọ́n bá kọ orúkọ èdè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e wọlé. "Living language" tí ẹ̀rọ máa ń kọ, ẹ̀rín lásán ni.

Máàkì náà ńkọ́? 20 ni wọ́n fi ń gbà á, 10 sì ni ààlà ìyege. Mention ní ìpele: Passable láti 10, Assez bien láti 12, Bien láti 14, Très bien láti 16. Wọ́n lè gé wọn kúrú sí P, AB, B, TB. AB kì í ṣe gíréèdì A àti B o! "Fairly good" ni. B náà kì í ṣe gíréèdì B, "Good" ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ 14 nínú 20 di 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìṣirò ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ Faransé kì í fi máàkì ta ènìyàn lọ́rẹ. 14 lọ́dọ̀ wọn jẹ́ ohun tí ẹbí máa ń fi yangàn, 18 sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ kọ "14/20" kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń pa ènìyàn. "A subi avec succès les épreuves": ẹ̀rọ lè kọ pé ọmọ náà "suffered with success the proofs". Ohun tó ń wí ni "has passed the examination papers". "Passer un examen" kì í ṣe láti yege, láti jókòó ṣe ìdánwò ni, "to sit an examination". "Reçu" tàbí "admis" ló túmọ̀ sí pé ó yege. "Admissible" dúró sáàárín: ó ti yege nínú èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀, ó ku ti ẹnu. "Ajourné" kì í ṣe "adjourned", kò yege ni. Ẹ kọ "not passed". Kò dùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Tábìlì BTS ní tirẹ̀. UE ni unité d'enseignement, "course unit". ECUE tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka inú UE, "component of course unit". TD ni travaux dirigés, "tutorial"; TP ni travaux pratiques, "practical work". CM níbí ni cours magistral, "lecture". Ẹ rí i pé CM kan náà wà nínú CM2 tí Músíọ̀ kà lókè, cours moyen nìyẹn, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ibi tí ìgékúrú bá jókòó sí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé_Kàbbà

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá. Mo ti tún 12,18 wọ̀nyẹn ṣe, mẹ́ta ló ti bọ́ sọ́nù lọ́wọ́ mi. Ó ku CAP yẹn. Íńtánẹ́ẹ̀tì sọ pé ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹni tó ni ín sì ní òun kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Lábẹ́ ìbuwọ́lùwé BEPC, wọ́n kọ "Le Directeur, P.O." Post office ha bá ìdánwò dé ibẹ̀? Orúkọ náà ńkọ́: "OLATOUNDJI Fèmi". Ṣé kí n tún un kọ bí a ṣe ń kọ ọ́ níhìn-ín? Ọlátúnjí tiwa náà ni.

Ògbufọ̀_Ẹ̀gbẹ̀

Akọ̀wé, ẹ rọra. Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ mú, nítorí òun ló lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́.

Ẹ fi OLATOUNDJI sílẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú àmì orí "Fèmi". "ou" ni Faransé fi ń kọ "u", "dj" ni wọ́n fi ń kọ "j" tiwa, "ch" ni wọ́n fi ń kọ "ṣ". Adéṣínà á di Adéchina. Gbogbo wa la mọ̀ pé orúkọ kan náà ni, àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ kò pè é yàtọ̀. Ṣùgbọ́n páálí ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ìwé ìbí rẹ̀ á ru OLATOUNDJI, bí tiyín bá ru Olatunji, ènìyàn méjì ló dé. Bó bá jẹ́ pé ó ní ìwé Nàìjíríà tó ru Olatunji, ilé ẹjọ́ ló máa lọ búra, kí ó gba afidéfìtì pé ẹnì kan náà ni òun. Kì í ṣe orí ìwé ìtumọ̀ la ti ń parí ìyẹn. Orúkọ ìlú náà bẹ́ẹ̀: Kétou, Savè, Dassa-Zoumè, bí wọ́n bá ṣe kọ wọ́n ni kí ẹ fi sílẹ̀. Orúkọ ìdílé ni wọ́n ń kọ ní lẹ́tà ńlá ṣáájú. Ẹ má pa ipò wọn dà. "M." tó bá sì ṣáájú orúkọ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kankan, Monsieur ni, "Mr".

Bí ẹ bá rí "né vers 1996", "born in or about 1996" ni. Ẹ má gé "about" yẹn sọnù, nítorí kò sí ọjọ́ ìbí gidi lẹ́yìn rẹ̀.

P.O. ni "par ordre": ẹlòmíràn buwọ́ lù ú lórúkọ ọ̀gá. Ẹ kọ "for the Director, by order". P.I. tí ẹ máa rí nígbà mìíràn ni "par intérim", "acting". Méjèèjì kò jọra rárá.

Ní ti CAP, méjì ló wà, íńtánẹ́ẹ̀tì kò sì purọ́. Certificat d'aptitude professionnelle ni ti iṣẹ́ ọwọ́: bíríkìlà, téèlọ̀, mẹkáníìkì. Certificat d'aptitude pédagogique ni ti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ní CEAP, certificat élémentaire d'aptitude pédagogique, tó kéré sí i. Ẹ má wo lẹ́tà, ẹ wo ìwé náà látòkè délẹ̀. Bó bá dárúkọ iṣẹ́ kan, bí "maçonnerie" tàbí "couture", professionnelle ni. Bí ẹ bá rí "instituteur", tàbí tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà lókè jẹ́ MEMP, Ministère des enseignements maternel et primaire, ti olùkọ́ ni, "Teaching proficiency certificate" lẹ máa kọ. Bó bá jẹ́ MESTFP ló wà lókè, ti girama, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Olórí ìwé ló máa ń tú àṣírí ìgékúrú.

Ẹ̀yin Músíọ̀, ibi kan wà tí mi ò ti bá yín lọ tán. Ẹ ní kí ó má dárúkọ ohun tó bá a dọ́gba rárá. Nínú ìtumọ̀ gan-an, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú nínú àlàyé ògbufọ̀ kan nísàlẹ̀ ojú ìwé, tó sọ ọdún nìkan: "The BEPC is taken at the end of the fourth year of secondary school, after six years of primary school." Òtítọ́ lásán ni, kò pe ara rẹ̀ ní nǹkan kan, ó sì gba ẹni tó ń kà á lọ́wọ́ àbá dídá.

Músíọ̀_Mọ̀pà

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ọdún, bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ ìwé ẹ̀rí tiwa, rárá.

Ògbufọ̀_Ẹ̀gbẹ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ku orúkọ ìwé fúnra wọn, Akọ̀wé. "Attestation" kì í ṣe diplôme. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún ẹni tó yege ni, kí èyí tó nípọn tó jáde. "Attestation of success" kò burú, tàbí "Provisional certificate of success". "Diplôme" ni èyí tó nípọn. "Certificate" ni kí ẹ kọ sí orí ti BAC, nítorí "Diploma" létí ará Nàìjíríà ti di ti poli. "Relevé de notes" ti BAC jẹ́ "Statement of marks", ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ni. Ti BTS ọlọ́dún méjì lè jẹ́ "Transcript", nítorí sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. "Note" ni máàkì. Ẹ má jẹ́ kí "notes" wọlé sínú Gẹ̀ẹ́sì yín.

Ìsàlẹ̀ ìwé ní gbólóhùn tó máa ń jọ àdúrà: "pour servir et valoir ce que de droit". "Issued for all legal purposes" ti tó. "Vu le décret n°" kì í ṣe "seen the decree", "Having regard to Decree No." ni. "Fait à Cotonou, le" ni "Done at Cotonou on". "Il ne sera pas délivré de duplicata" ni "No duplicate will be issued", ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ni ín pé kó má lẹ ojúlówó mọ́ nǹkankan, kó má sì fi í sílẹ̀ níbikíbi. Fọ́tókọ́pì ni kó máa fún wọn.

Òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé náà ní láti wà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ibi tí wọ́n wà gan-an: "Round stamp: Office du Baccalauréat", "Signature illegible". Bí òǹtẹ̀ kò bá ṣeé kà, ẹ sọ pé kò ṣeé kà. Nọ́ńbà ìwé, nọ́ńbà tábìlì ìdánwò (èyí tí wọ́n fún ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò), gbogbo rẹ̀ wọlé. Ẹ tò ó kí ìlà kíní bá ìlà kíní lọ, kí ẹ kọ "Page 1 of 2" sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ á kọ pé ìtumọ̀ náà péye láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, á kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́, á buwọ́ lù ú, á so ó mọ́ ẹ̀dà Faransé. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ́ ló ń buwọ́ lù ú o, àfi bó bá jẹ́ òun ló gbọ́ Faransé. Àwọn ọ́fíìsì kan fẹ́ ìbúra ní ilé ẹjọ́ tàbí nótárì, àwọn kan fẹ́ òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú. Kí ó bi ibi tí ó ń gbé e lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe lẹ́yìn ìbúra jẹ́ owó méjì.

Kí wọ́n sì mọ̀ pé ìtumọ̀ yàtọ̀ sí àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò àti ìtẹ́wọ́gbà dìgírì láti Benin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba dìgírì níbẹ̀ láàárín oṣù méjì. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ́fíìsì ti ń fi ojú tó le wo ohunkóhun tó bá ti Kútọnu wá. Gẹ̀ẹ́sì tó dán kò lè gba ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́ lè kó bá ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́.

Ará_Ìyàrà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ Faransé gan-an kún un, torí ẹni tó ń ka èyí lè gba irú rẹ̀ lọ́la.

Níbẹ̀, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọdún márùn-ún, CP ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sí CI. DNB, diplôme national du brevet, ló wà ní ipò BEPC. BAC S (scientifique), ES (économique et sociale) àti L ti tán lẹ́yìn ìdánwò 2020; láti 2021 kò sí série mọ́ nínú BAC gbogbogbòò, ẹ̀kọ́ àṣàyàn ni wọ́n ń kọ. L tó wà nínú "Bac L" jẹ́ littéraire, L tó wà nínú "L2" jẹ́ ọdún kejì Licence, LV2 sì ni èdè kejì. Mẹ́ta yẹn lè wà lórí ojú ìwé kan náà.

Licence kì í ṣe láísẹ́ńsì awakọ̀, òun ni dìgírì àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn BAC. Ẹ fi "Licence" sílẹ̀ kí ẹ kọ "three-year first university degree". Maîtrise àtijọ́ jẹ́ ọdún kẹrin, kì í ṣe Master ti òní tó parí ní ọdún karùn-ún. DEA (diplôme d'études approfondies) àti DESS (diplôme d'études supérieures spécialisées) ni wọ́n ń gbà ní ọdún karùn-ún nígbà náà. DEUG, diplôme d'études universitaires générales, jẹ́ ọdún méjì. BUT (bachelor universitaire de technologie) ọlọ́dún mẹ́ta ti gba ipò DUT (diplôme universitaire de technologie), tó jẹ́ ọdún méjì, láti 2021. Ẹ̀rọ sì ń sọ BUT di "goal", torí bẹ́ẹ̀ ni "but" rí nínú bọ́ọ̀lù. "Bac+5" kì í ṣe máàkì, "five years of study after the Baccalauréat" ni. CFA lórí ìwé ilẹ̀ Faransé kì í ṣe owó, centre de formation d'apprentis ni, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́.

CAPES (ti olùkọ́ girama) àti agrégation, tí ẹ bá rí wọn, ìdánwò ìfigagbága ni wọ́n fi ń gba olùkọ́ síṣẹ́. Dìgírì kọ́. "Concours" ni ọ̀rọ̀ náà, "competitive examination", iye àyè tó wà ló ń pinnu iye ẹni tó máa yege.

DELF (diplôme d'études en langue française) àti DALF (diplôme approfondi de langue française) ni ti èdè nìkan, A1 dé B2 fún DELF, C1 àti C2 fún DALF. Wọn kò ní ọjọ́ ìparí. TCF (test de connaissance du français) ní tirẹ̀, ọdún méjì ló ń lò, nítorí náà ọjọ́ ìdánwò gbọ́dọ̀ hàn gbangba nínú ìtumọ̀ yín.

Akọ̀wé_Kàbbà

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. CAP náà ní MEMP lókè lóòótọ́, olùkọ́ ni bàbá náà. Ẹ bá mi wo orí ti BAC, kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde:

"Republic of Benin. Office du Baccalauréat. STATEMENT OF MARKS. Baccalauréat, upper secondary school-leaving examination, Series D, June 2017 session. OLATOUNDJI Fèmi. Average: 12.18/20. Result: Admitted, with honours."

Ìyá_Ìsánlú

Ó kù díẹ̀. "Admitted" máa dà bí ẹni pé yunifásítì ti gbà á wọlé, ẹ kọ "Passed". "With honours" náà ti pọ̀ jù fún Assez bien, ẹ fi "Mention Assez bien, fairly good" rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ "session" lórí ojúlówó: bó bá ní "session de remplacement" (ìdánwò àfirọ́pò) tàbí "second groupe" (ìpele kejì ìdánwò) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní láti wọlé, má fò ó. Níbo lẹ kọ nọ́ńbà tábìlì ìdánwò sí?

Akọ̀wé_Kàbbà

Yéè. Mo gbàgbé rẹ̀. Ó wà lápá ọ̀tún lókè, lábẹ́ òǹtẹ̀. Mo ń lọ tún un tẹ̀.